Ebè Tí A Kọ Nítorí Gólì

Tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa, pápá bọ́ọ̀lù ìlú wa máa ń ní òórùn kan tí mi ò tíì gbọ́ níbòmíràn: òórùn koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdá ṣán, tó dà pọ̀ mọ́ ti ìgbẹ́ màlúù tó sùn síbẹ̀ mọ́jú, àti èéfín oko tí wọ́n ń jó lọ́nà Ìsin. Ẹ̀yìn ilé-ìwé ìjọ ni pápá náà wà. Ilẹ̀ rẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, débi pé ẹgbẹ́ tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ sí ìhà ilé-ìwé ń gun òkè ni, èyí tó bá sì kọjú sí odò ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sí àga níbẹ̀. Gbòǹgbò igi igbá ni àwọn àgbà máa ń jókòó lé, ẹni tó bá pẹ́ dé á dúró. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, o bi mí lọ́jọ́sí pé kí ni mo ṣì ń wá lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé ní ọjọ́ orí mi yìí, nígbà tí àwọn ọmọ wa ń jókòó wo bọ́ọ̀lù òkè òkun nínú tẹlifíṣọ̀n. Mi ò rí èsì fún ọ lọ́jọ́ náà. Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tètè yá mi lẹ́nu. Mo ti rò ó láti ìgbà náà, mo sì rí i pé mi ò lè dá ọ lóhùn láì kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ebè kan fún ọ.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ni. Ogun ti parí, iṣẹ́ ìjọba sì ń pe àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Ìlọrin. Àwọn mìíràn gba Kàdúná lọ, bí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ti ṣe kí òmìnira tó dé. Ọ̀mù-Àrán tóbi, ilé-ìwé pọ̀ níbẹ̀, agbábọ́ọ̀lù kì í wọ́n wọn. Ìlú tiwa kéré. Bí o bá rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé àpótí dúró de mọ́tò lójú títì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ń gbá ọwọ́ òsì fún wa ló ń lọ yẹn, a ó sì tún wá ẹlòmíràn kó tó di Sátidé. Èmi ti lé díẹ̀ lógún ọdún nígbà náà. Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé-ìwé. Irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n mi nígbà tí mo wà ní ìwé kẹfà, àwọn ọmọ tí a jọ ń jókòó sì ń pè mí ní Bàbá Kíláàsì. Mo ń dúró de àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo sì ń bá bàbá mi ṣe oko. Mi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá, mi ò sì lè pariwo. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá títí ohùn wọn á fi há, èmi á kàn ká ọwọ́ sẹ́yìn, n ó máa wò. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí rí pé ẹgbẹ́ wo gan-an ni mo wá tì lẹ́yìn.

Olórí àwa tá a wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ náà ni télọ̀ ìlú wa. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n òun ní tirẹ̀. Òun ló rán aṣọ ẹgbẹ́, aṣọ funfun lásán tí ìyá rẹ̀ bá wa rẹ sínú aró. Aró náà kò mú dáadáa. Tí àwọn ọmọ wa bá ti làágùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, tí eré bá fi máa parí, ọrùn àti apá wọn á ti dúdú. Àwọn ará Ìjàrà, ìlú tó múlé gbè wá, fẹ́ràn láti máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin aláró, ẹ rọra o, ẹ má rẹ pápá mọ́ ọn." Télọ̀ á sì dá wọn lóhùn pé, "Tiwa ń ṣí. Ó kéré tán, ẹ rí ibi tá a gbà kọjá."

Ohun kan tí a ní tí àwọn ìlú ńlá ń jowú wa sí ni ẹni tó ń ṣọ́ ilé fún wa. Gólì ni gbogbo ìlú ń pè é, títí kan àwọn àgbà. Ó ga, ó rọra ń rìn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì fẹ̀ bí ewé kókò. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ tí ọkàn gbogbo wa ti fò lọ, òun á kàn na ọwọ́ sí i bí ẹni tó fẹ́ gba omi mu. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Kàdúná, òun nìkan ló kù nílé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. A kò ní ẹlòmíràn tó lè dúró síbẹ̀. Nígbà kan tí ibà dá a dúbúlẹ̀, Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló wọlé dípò rẹ̀. Mi ò ní sọ iye góòlù tó wọlé lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo lè sọ ni pé àwọn tó ń gbá a wọlé ló kọ́kọ́ rẹ̀.

Ní ìparí òjò ọdún tí mò ń sọ yìí, kùkùté gún bàbá Gólì lẹ́sẹ̀ lóko. Ẹsẹ̀ náà wú, kò lè fi tẹ ilẹ̀. Ìwọ náà jẹ́ ọmọ àgbẹ̀, o mọ bí àsìkò náà ti rí: ìgbà tí omi ṣì wà nínú ilẹ̀ la gbọ́dọ̀ kọ ebè iṣu, nítorí bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ilẹ̀ á le bí òkúta, ọkọ́ kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Bàbá náà ti ṣán ilẹ̀ tuntun kan lọ́nà odò, ó ti jó o, ó ti pinnu ibi tí iṣu kọ̀ọ̀kan máa wà, kò sì tíì kọ ebè kan ṣoṣo sórí rẹ̀ tí kùkùté náà fi gún un. Ìjàrà ló ń bọ̀ wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Télọ̀ kó àwa bíi mélòó kan lẹ́yìn, a lọ kí bàbá náà nílé.

Ó jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ náà síwájú. Wọ́n ti fi ewé kan lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi aṣọ dì í.

"Ẹ kú ewu, Bàbá," ni Télọ̀ wí. "Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Olúwa á wò ó sàn. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ọ̀rọ̀ Sátidé yẹn..."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ lẹ bá wá." Kò gbé ohùn sókè. Àgbà ìjọ ni, mi ò sì rí i kó bínú rí. "Ilẹ̀ ń le. Bí oòrùn bá kan àtàrí lọ́jọ́ Sátidé tí ilẹ̀ mi ò tíì di ebè, ọmọ yìí ò ní lọ síbì kankan. Kì í sì í ṣe Sátidé yìí nìkan. Ó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ni mo tún ní?"

Kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn. Oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ ló ń sọ. Mo wo Gólì. Ó fara ti ògiri, ó ń fi èékánná họ amọ̀ ara rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo rí i pé ó ti gbà fún bàbá rẹ̀ kí á tó dé, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ẹni tó bá ṣì ń jà ṣì ní ìrètí.

A jáde síta. Télọ̀ kò tiẹ̀ jẹ́ kí a rìn jìnnà. "Ebè?" ló wí. "Ebè la ó jẹ́ kó gba gólì lọ́wọ́ wa? Ṣé a ò lọ́kọ́ ni?"

Ọ̀wẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun fún wa. Ẹni tí iṣẹ́ bá ju agbára rẹ̀ lọ á bẹ àwọn èèyàn, wọ́n á wá ṣe é, òun á sì bọ́ wọn. Àáró náà wà, tí a fi ń yí iṣẹ́ po: bí mo bá ṣe tìrẹ lónìí, wàá ṣe tèmi lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni nínú wa tó gbọ́ rí pé wọ́n ṣe ọ̀wẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. A fi ọ̀rọ̀ sí ọjọ́ kejì, Jímọ̀, ní kùtù hàì. Gólì ti tẹ̀ lé wa jáde. Ó ní òun á bá wa lọ. Gbogbo wa ló pariwo mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí ọwọ́ ẹ lè lé ròrò?" ni agbábọ́ọ̀lù kan wí. "Kí lo máa wá fi mú bọ́ọ̀lù, eyín?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ oko wa?" ló bi Télọ̀. "Tí ẹ bá ti kọjá odò, igi emi kan wà..."

"Mo ti dẹ ìgbẹ́ lọ́nà ibẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ. Lọ sùn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ilẹ̀ náà sílé. Ìfẹ́ ló fà á. A ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin.

Kùrukùru bo gbogbo ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà. A ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara wa, a ò fi bẹ́ẹ̀ rí ara wa. Nígbà tí a kọjá odò, ilẹ̀ méjì ló wà níwájú wa, ọ̀kan lápá ọ̀tún ọ̀nà, èkejì lápá òsì. Wọ́n ti ṣán méjèèjì, wọ́n ti jó méjèèjì, igi emi sì dúró lórí méjèèjì bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Télọ̀ dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo òkè bí ẹni tó ń rántí nǹkan. Ó wá na ọkọ́ sí apá òsì. "Òun rèé," ló wí. A bọ́ aṣọ, a sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀.

Mi ò tíì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lójúmọ́ kan láti ìgbà náà. Eérú pọ̀ lórí ilẹ̀, ìrì ti rin ín, ó ń lẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Bí ọkọ́ bá ti wọlẹ̀, òórùn ilẹ̀ tútù á gòkè wá, kòkòrò á máa sá kiri. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa wà níbẹ̀, gbogbo wọn àfi Gólì. Akọrin ìjọ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ti ilé ìtajà rẹ̀ pa. Télọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kọ ebè, orin ló ń dá fún wa. Ó ń fi orin bú àwọn ará Ìjàrà, ó ń dárúkọ ohun tí a ó fi ojú wọn rí lọ́la, àwa sì ń gbè é, ọkọ́ wa ń lọ sókè sódò sí i. Èmi kò kọrin, àmọ́ mo kọ ebè. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó bi mí pé ta ni mo wá tì lẹ́yìn.

Oòrùn ti ń yí sí ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ sì kù díẹ̀ kó parí, nígbà tí bàbá kan gun kẹ̀kẹ́ dé. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó ń ti ìrun Jímọ̀ bọ̀. Ọmọbìnrin kan tó gbé ìkòkò omi lérí ń tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá náà sọ̀ kalẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi emi, ó wo ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"A dúpẹ́, Bàbá," ni Télọ̀ dáhùn. "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọkùnrin."

"Mò ń wò ó. Ta ló bẹ̀ yín lọ́wẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá. Nítorí bọ́ọ̀lù ni, kí gólì wa lè ráyè wá pẹ̀lú wa, kí á lè na àwọn ará Ìjàrà lọ́la."

Bàbá náà mi orí. "Alihamudulilahi," ló wí. "Ará Ìjàrà ni mí. Ilẹ̀ mi rèé. Ọmọ mi ló sì ń gbá iwájú fún wọn."

Ọkọ́ Télọ̀ wà lókè, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bàbá náà na ọwọ́ sí òdì kejì ọ̀nà. "Bí ẹ bá ń wá ilẹ̀ bàbá gólì yín, ọ̀hún nìyẹn." A yíjú síbẹ̀. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ebè kan lórí rẹ̀. Lékeléke kan dúró láàrin rẹ̀, ó ń wò wá.

Bàbá náà jókòó sórí gbòǹgbò igi emi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi apá aṣọ nu ojú. Ọmọbìnrin rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó rọra ń rìn láàrin ebè bí ẹni tó wá ra wọn, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ mi. Ó wo èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán.

"Ẹ jọ̀ọ́, ebè lẹ kọ yìí àbí ilé ikán?"

"Iṣu ò ní mọ̀," ni mo wí.

Ohun tí mo rí sọ nìyẹn. Ó wò mí, ó gbé omi lé mi lọ́wọ́, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin yẹn ló di ìyàwó mi lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ó máa ń sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún òun kí òun tó gbà láti fẹ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ, pé ọ̀rọ̀ iṣu sì ni.

Bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kí á lọ lébi. Ó ní ẹni tí òun kò bọ́ kò gbọdọ̀ kọ ebè fún òun, ìbáà ṣe àṣìṣe. Ó fa iṣu yọ nínú abà rẹ̀, wọ́n dáná, a sun ún, a fi epo jẹ ẹ́ láì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wá béèrè ọ̀rọ̀ náà dáadáa lọ́wọ́ Télọ̀, òun náà sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ẹsẹ̀ tó wú, ti oòrùn àtàrí lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò tíì gbọ́ kí Télọ̀ fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rí. Oòrùn ti ń wọ̀. Ẹ̀yìn wa ti gan, àtẹ́lẹwọ́ wa ti bó. Gbogbo wa mọ̀ pé a kò lè kọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mìíràn kí oòrùn tó kan àtàrí lọ́la.

"Ẹ lọ sinmi," ni bàbá náà wí. "Iṣẹ́ tí ẹ ṣe sórí ilẹ̀ mi, àáró ni mo kà á sí."

A rò pé ó kàn ń tù wá nínú ni. A kó ọkọ́ wa, a lọ. Bí a ti ń kọjá lẹ́bàá ilé bàbá Gólì, kò sí ẹni tó fẹ́ wọlé síbẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, àwa tí a ṣì lè tẹ̀ dúró tún gba ọ̀nà odò lọ. Télọ̀ ní kí á ṣáà fi han bàbá Gólì pé a ò sá. Kí á tó kọjá odò la ti ń gbọ́ ìró ọkọ́. Nígbà tí a dé òkè, apá ọ̀tún ọ̀nà kún fún èèyàn. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìjàrà ló wà níbẹ̀, wọ́n bọ́ra sílẹ̀, wọ́n ń kọ ebè. Bàbá àná dúró láàrin wọn, òun náà mú ọkọ́ lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ tó ń gbá iwájú wà ní ìlà àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ẹ̀yin aláró," ni ọmọ náà wí nígbà tó rí wa, "ẹ rí nǹkan tí ẹ kó bá wa." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, ọ̀sán òní mà la fẹ́ bá wọn gbá bọ́ọ̀lù."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi tètè jí yín nìyẹn."

"Bí a bá fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ bó ṣe wà, gólì wọn ò ní lè wá."

"Bí gólì wọn ò bá wá, ta lẹ fẹ́ borí?" ni bàbá náà bi í. "Télọ̀?"

Gbogbo oko ló bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kẹ́yìn. Àwa náà bọ́ sínú iṣẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, a kò sì yà sọ́tọ̀. Ará Ìjàrà kan á kọ ebè, ọmọ ìlú wa á kọ èyí tó tẹ̀ lé e. Télọ̀ rọra sún mọ́ mi. "Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ dáadáa," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ̀yìn wọn á ti gan kó tó di ìrọ̀lẹ́."

"Tiwa ti gan láti àná," ni mo wí.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ilẹ̀ náà ti kún. Bàbá Ìjàrà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àwa kan sáré tẹ̀ lé e lọ sílé bàbá Gólì. Òun ló jíṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bàbá Gólì gbọ́ ọ tán.

"Àwọn ará Ìjàrà?" ló béèrè.

"Àwa náà ni."

"Tí ẹ fẹ́ bá àwọn ọmọ wa gbá lónìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi kẹ̀kẹ́ gbé yín dé pápá, Àgbà. Kò yẹ kí wọ́n kọ ebè fún èèyàn kó má wo ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́."

Bàbá Gólì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí a dì láṣọ. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí kò tíì mọ̀ bóyá kí òun dunnú. Ó ní, "Gbé ọ̀pá mi wá."

Bí mo bá sọ fún ọ pé ìgbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà dára, irọ́ ni. Kò sí ẹni tó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá jáde, wọ́n á dúró, wọ́n á máa wo ara wọn, bóyá ẹnì kan á lọ gbé e. Ẹlòmíràn á sáré díẹ̀, á dá ọwọ́ lé ìbàdí. Ẹnì kan ṣoṣo ni ara rẹ̀ yá gágá lórí pápá náà, ẹni tí a kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ́. Gólì mú ti òkè, ó mú ti ilẹ̀, ó mú èyí tí mo ti dijú fún. Bàbá rẹ̀ jókòó lórí àpótí lẹ́yìn igi góòlù, ó na ẹsẹ̀, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Kò wo bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń wò, mo sì rò pé òun nìkan ni kò tíì rí ohun tí ọwọ́ náà lè ṣe rí nínú gbogbo ìlú.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, ọmọ bàbá Ìjàrà yẹn gba bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ tó gan gun òkè wá, ó sì gbá a gba igun ilé wọlé. Gólì fò sí i, ìka rẹ̀ kàn án, kò dá a dúró. Ariwo sọ lápá ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìjàrà. Tiwa dákẹ́. Gólì wà nílẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Mo gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò le, kò rọ̀.

"Ó ti lọ. Dìde, lọ mú un wá."

Ó dìde, ó lọ mú un wá. Góòlù kan náà ni wọ́n fi nà wá. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè tán, ẹgbẹ́ méjèèjì ṣubú lulẹ̀ sórí koríko lójú kan náà, wọ́n ń kérora, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Aró aṣọ wa ti yí àwọn ọmọ Ìjàrà lára, o ò lè dá ẹni tó nà mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n nà.

Gólì lọ síwájú bàbá rẹ̀, ó dúró. Gbogbo wa rọra sún mọ́ wọn. Òótọ́ ni pé wọ́n ti kọ ebè náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti nà wá, a kò sì mọ ohun tí ọkàn bàbá náà ń sọ. Bàbá náà gba ọwọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó yí àtẹ́lẹwọ́ wọn sókè, ó wò wọ́n pẹ́ bí ó ti máa ń wo èèbù iṣu kó tó gbìn ín. Ó fi wọ́n sílẹ̀. Ó wá gbójú sókè sí Télọ̀.

"Ọjọ́ wo lẹ tún máa gbá?"

Télọ̀ ya ẹnu, kò rí nǹkan sọ. Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní, "Sátidé tó ń bọ̀, Bàbá."

"Ó dáa," ni bàbá náà wí. Láti ọjọ́ náà, kò tún sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Títí ó fi dàgbà tí kò lè rìn mọ́, ẹ̀yìn igi góòlù ló ń jókòó sí, kò sì mọ òfin bọ́ọ̀lù kan ní gbogbo ìgbà náà. Ọmọ náà kò sì lọ sí Kàdúná.

Ìyàwó mi kò yí padà sí ẹgbẹ́ wa. Nígbàkúùgbà tí Ìjàrà bá wá, á sè, á bù fún mi, á di gèlè, á sì lọ dúró sí òdì kejì pápá láàrin àwọn ará ilé rẹ̀. Á máa wò mí láti ọ̀hún. Bí wọ́n bá nà wá, kò ní sọ nǹkan títí a ó fi délé. Ọdún díẹ̀ rèé tí ó ti lọ sọ́run. Òdì kejì yẹn ṣì ń kún bí Ìjàrà bá wá, mo sì ń wo ibẹ̀ kí n tó wo bọ́ọ̀lù.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó lè kígbe ló ń ti ẹgbẹ́ lẹ́yìn, pé èmi kò wúlò níbẹ̀. Ọjọ́ méjì yẹn ló yí ìyẹn padà nínú mi. Ẹgbẹ́ ńlá kò nílò kí n mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ bàbá gólì wọn wú. Bí mo bá wà níbẹ̀, bí mi ò sí níbẹ̀, wọ́n á gbá, wọ́n á borí, ife wọn á máa dán. Ẹgbẹ́ kékeré yàtọ̀. Bí ẹnì kan kò bá kọ ebè lọ́jọ́ Jímọ̀, ilé á ṣófo lọ́jọ́ Sátidé, àti pé àwọn tó wá bá wa gbá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí bí tiwọn náà ti rí nìyẹn. Ọmọ mi ọkùnrin bi mí láìpẹ́ yìí pé ẹgbẹ́ wo ni mò ń tì lẹ́yìn gan-an. Ó ti dárúkọ tirẹ̀ fún mi, tó wà lókè òkun. Mo ní, àwọn tí mo mọ oko wọn ni. Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó mọ oko náà, ó sì gbà mí ní odindi ọjọ́ kan lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn.